Omi Ẹ̀yìn Ilé Rẹ àti Tánkì Bàbá Rẹ

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ nínú ilé tuntun tí Ọlọ́run fi jíǹkí yín, fún ọkọ rẹ, àti fún Fàtíà ọmọ ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ o, Tísà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ọ̀kà níbí ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ti ilé ìwé tún un ṣe. Ó sì ti fọwọ́ lé Bíbélì rẹ̀ fún mi pé ohun tí òun bá gbọ́ níbí, ibí náà ló máa kù sí.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tàbí tí mi ò kúkú gun ọ̀kadà wá, torí láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, iṣu téèyàn gbé kaná kò tíì ní jinná tó fi máa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà, ọmọ mi, tí èèyàn kì í lè wojú ọmọ rẹ̀ kó sọ. Mo gbìyànjú ẹ̀ o. Ọjọ́ mẹ́jọ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn tí ẹ ṣílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ wá sínú yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo ní kí o bá mi wá ìborùn mi. Ìborùn náà wà lọ́rùn mi.

Omi tó wà lẹ́yìn ilé yín ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Súímínpúùlù yẹn.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kírun Àsùbáà tán, mo lọ dúró létí ẹ̀. Omi náà ti ṣú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó sùn mọ́jú. Ewé máńgòrò wà lójú ẹ̀, àwọn míì ti rì sísàlẹ̀, wọ́n ti dúdú. Ní igun kan, tanwíjí ẹ̀fọn ń ta lókè ta nílẹ̀. Mo bi ọ́ pé ta ló ń tọ́jú ẹ̀. O ní ti Bàbá Fàtíà nìyẹn, pé òun ló sọ pé ilé tó ní púùlù lòun fẹ́ rà. Mo bi ọkọ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, ọmọ yín ló wà nílé ní gbogbo ọjọ́, òun ló ń rí i.” Nígbà tó di Sátidé, ọkùnrin tó ń wá ṣe é gbé ọ̀pá gígùn àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé. Mo bi òun náà. Ó ní tí ẹ bá pe òun lòun máa ń wá, pé odindi oṣù tó kọjá, ẹnì kankan kò pe òun.

Èèyàn mẹ́ta, omi kan, kò sì sẹ́ni tó ni ín. Ewúrẹ́ tí èèyàn mẹ́ta bá jọ ní, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ló ń kú, Àjíkẹ́. Omi kì í kú. Omi tí kò bá ti ní olúwa, òun ló ń pani.

Mi ò mọ̀wé, mi ò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí èèyàn kó jọ sílé, tó fẹ́ kó wà láti ọdún dé ọdún, mo mọ̀ ọ́n. Tánkì abẹ́ ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe sí ẹ̀yìnkùlé, tí omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń wọ̀, èmi ni mo tọ́jú ẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n fi bò ó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí omi jẹ́ lórí òkè Ọ̀kà níbí láyé ìgbà yẹn. Torí náà mo jókòó ti ọkùnrin ọ̀pá gígùn yẹn lọ́jọ́ Sátidé títí oòrùn fi kàn wá lórí, mo bi í ní gbogbo ohun tó yẹ kí ìwọ ti bi í. Ohun tó sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí tánkì ti kọ́ mi. Gbọ́ ọ bí mo ṣe fẹ́ kó o ṣe é.

Àkọ́kọ́, ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ, mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí òjò kò bá rọ̀, tánkì kò níṣẹ́. Mo pa á tì. Eruku wọ̀ ọ́, ewé wọ̀ ọ́, aláǹgbá kú sínú ẹ̀. Gbogbo ilé ló ń sáré lọ sí igbó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ọkọ mi kò bá mi wí, wọ́n kàn bu omi náà sínú àwo funfun, wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú mi, wọ́n ní kí n máa wò ó. Ojú tì mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí ètè bá ti ń bó títí dìgbà tí òjò máa dé, kí o tó jẹun àárọ̀, kí o ti fi nẹ́ẹ̀tì kó ojú omi yẹn. Lójoojúmọ́. Ewé tó bá sùn sínú ẹ̀ lónìí, ọbẹ̀ ló máa dà lọ́la. Mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ògiri ẹ̀ látòkè délẹ̀. Tí o bá fọwọ́ kan ògiri náà tó ń yọ̀ bí ilá, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, bí ojú omi tiẹ̀ mọ́ gaara.

Èkejì, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Oòrùn á máa fà á mu, ìwọ ò ní mọ̀. Ihò kan wà lára ògiri púùlù náà tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi lọ sẹ́. Tí omi bá fi lọ sílẹ̀ ju ihò yẹn lọ, afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì á máa fà, á sì jóná. Máa bu omi kún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gbọ́ràn sí ẹni tó bá ní kí ẹ gbọ́n gbogbo ẹ̀ dànù kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Èmi ṣe é rí. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Ọkọ mi lọ sí oko Ìkún fún ọjọ́ mẹ́rin, mo gbọ́n tánkì gbẹ, mo fọ̀ ọ́ tó ń dán, mo ṣí i sí oòrùn. Kí ó tó dé, sìmẹ́ńtì ti là láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, orí ni mo fi ru omi láti ìsàlẹ̀ òkè, kò sẹ́ni tó yìn mí. Ọkùnrin ọ̀pá gígùn sọ pé tìrẹ náà á là, pé tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò lẹ gbọ́n ọn gbẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti gbogbo ẹ̀ sókè. Omi ló ń di ilé omi mú.

Ẹ̀kẹta, òjò. Òjò àkọ́rọ̀, a kì í jẹ́ kó wọ tánkì. A máa ń yí ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi fọ eruku orí páànù dànù kọ́kọ́. Tìrẹ kò lórí, o ò lè yí òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí o sì fún omi náà ní oògùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wí. Oòrùn máa ń jẹ oògùn yẹn. Tí òjò bá wá ń rọ̀ lójoojúmọ́, omi òjò á máa fọ́ agbára oògùn náà, ẹrẹ̀ á máa ṣàn wọ̀ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa fi dúdú. Má wò ó pé òjò dá díẹ̀ lóṣù Ògọ́ọ̀sì kí o wá sinmi. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀fọn máa ń yé sínú ẹ̀.

Oògùn yẹn náà, kilórínnì. Dúró ná. Ǹjẹ́ o rántí pé o wá a títí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí o bú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ? Èmi ni mo gbé e. Nínú kíṣínì ni mo ti rí i, nínú ike funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ẹ̀lùbọ́ láfún, funfun sí funfun. Ó wà lókè àpótí aṣọ ní yàrá tí mo sùn sí, wọlé lọ mú un, kí o sì bẹ ọmọbìnrin yẹn. Kọ́ àpótí onírin fún un, síta, níbi tí òjò kò ti ní bà á, kó ga ju orí rẹ lọ, kó ní àgádágodo. Oògùn ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé oògùn lórí. Ẹ má sì pò ó mọ́ ásíìdì tí ọkùnrin púùlù yẹn ń lò, èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì dúdú. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ ẹ̀ hàn mí, ibi tó ti jó o.

Ẹ̀kẹrin.

Tísà ní ṣé kí òun kọ “ẹ̀kẹrin” kalẹ̀ nígbà tí mi ò sọ nǹkan kan tẹ̀ lé e. Mo ní kó kọ ọ́. Ẹ̀kẹrin yìí gan-an ni mo wá sọ. Mẹ́ta tó kọjá, mo kàn ń fi wọ́n wá ọ̀nà débẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo máa lọ, ọkọ rẹ bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí, Fàtíà sì wà ní pálọ̀ tó ń ṣeré. Ó bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O dáhùn, o ní, “Èmi kì í ṣe Ìyá Ráfátù o.” Ìwọ rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ náà rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé o ti sọ ìtàn yẹn fún un. Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀, mo ní mo ti yó.

Ohun tí o gbọ́ láti kékeré ni pé bàbá rẹ fẹ́ ìyàwó kan lé mi, ọmọ Ẹ̀pìnmì, pé ó gbàgbé tánkì sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọmọ ara ẹ̀ sì kó sí i. Gbogbo ilé ló sọ ọ́ dòwe. Ẹni tó bá gbàgbé ìkòkò lórí iná, wọ́n á ní ó ṣe Ìyá Ráfátù. Ìwọ náà ti ń sọ ọ́ kí o tó mọ wíwọ bàtà. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn? Èmi ni. Irọ́ sì ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò nílé bàbá rẹ láìbímọ. Wọ́n fẹ́ Ìyá Ráfátù lé mi, ọdún kò yí po tó fi bí Ráfátù. Mi ò kórìíra ọmọ náà, Àjíkẹ́. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù. Ó sanra, ó pupa, Ìyá Ńlá ló ń pè mí, ọwọ́ mi ló fẹ́ràn láti máa ti jẹun. Ìyá ẹ̀ ni mi ò lè wò. Nígbà tí ọmọ náà fi máa tó ọdún mẹ́ta, èmi náà ti lóyún, ìwọ ni, o ti pé oṣù márùn-ún nínú mi. Bí ikùn mi ṣe ń yọ ni ẹnu mi náà ń mú sí i. Ẹ̀pìnmì ní èdè tiwọn, Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara, mo sì sọ èyí di yẹ̀yẹ́ láàárín agbo ilé. Mo lè sín in jẹ tí gbogbo obìnrin ilé á fi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ èmi gbọ́ èdè tiẹ̀. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń lọ ra ata àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lọ́dọ̀ wọn. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ nínú ilé wa.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tí ìdáná bá kàn, òun ló ni kọ́kọ́rọ́ tánkì. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yóò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá fa omi rẹ tó kẹ́yìn, wàá gbé ìdérí irin náà padà, wàá tì í, wàá wá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Tí o bá ti rí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, o mọ̀ pé tánkì wà ní títì. Kò sẹ́ni tó tún ń lọ wò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti sọ lójú àwọn obìnrin ilé pé omi tí mo máa ń fi lé òun lọ́wọ́ máa ń ní ewé nínú. Òótọ́ ló sọ. Inú bíbí ni mo gbé sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa omi mi, mo gbé ìdérí náà sọ́wọ́ láti gbé e padà, ni ọkàn mi bá sọ pé ó ṣe wá tó jẹ́ pé ìwọ la fi ń ṣe aláìmọ́ ilé? Jẹ́ kí onímọ̀ọ́tótó wá tì í fúnra ẹ̀. Mo fi ìdérí ti ara ògiri. Mo gba iwájú yàrá rẹ̀ kọjá, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó. Mi ò pè é. Ó wà níwájú ilé tó ń lọ ata lórí ọlọ, mo ń gbọ́ ìró ọlọ náà.

Mo wọlé lọ wé gèlè, torí ọjọ́ ọjà ni. Mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ sómi. Mo rò pé korobá ni. Mo tún gèlè mi wé.

Ohun tí mo rí nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mi ò ní sọ ọ́ fún Tísà kó kọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pè wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bi Ìyá Ráfátù pé ọjọ́ rẹ̀ kọ́ ni? Wọ́n ní ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà? Báwo ni tánkì ṣe wà ní ṣíṣí? Ó fẹ́ dáhùn, Yorùbá ẹ̀ sá lọ. Ṣé o mọ bí ìbànújẹ́ ṣe máa ń dá èèyàn padà sí ẹnu ìyá ẹ̀. Èdè Ẹ̀pìnmì ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ kíákíá, ó ń fọwọ́ lu àyà. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní, “Ìyálé, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Kí ló wí?”

Ohun tó wí nìyí. Ó ní òun kò tíì dé ìdí tánkì láti àárọ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lòun rí, òun sì rò pé wọ́n ti tì í. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bi ìyálé òun.

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ó ní òun gbàgbé.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àjíkẹ́. Mi ò búra, mi ò pariwo. Mo ń sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé tèmi toyún, wọ́n á bí ọ sílé bàbá mi, o ò ní mọ bàbá rẹ. Ìwọ ni mo fi bojú. Ọdún gbogbo tí mo fi ń tọ́ ọ, mo ń fi ọ́ bojú. Bàbá rẹ kò bá a jà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọjọ́ mẹ́jọ ọmọ náà tó pé, ó ti di ẹrù ẹ̀ sínú aṣọ kan ṣoṣo. Ó kọjá lára mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró, ó wò mí, ó lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, pé Yorùbá ẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo so ó mọ́ ọrùn. Mo ní kò sí ‘ó kàn ọ́, ó kàn mí’ mọ́. Gbogbo àrà tí mo sọ fún ọ lókè yìí, ewé kíkó, ògiri híha, òjò yíyí, ìgbà náà ni mo tó ń ṣe é tọkàntọkàn. Àwọn èèyàn ilé ń kí mi, wọ́n ní ìyálé tó mọ ìtọ́jú omi nìyí. Ata ni ìkíni wọn ń fi sí mi lójú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa omi, ìgbà tí kò wúlò fún Ráfátù mọ́ ni mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ, mo sùn sílé lọ́jọ́ méjì, ọjọ́ kẹta mo wọ mọ́tò, mo lọ sí Ẹ̀pìnmì. Ó wà láyé. Iwájú ilé àbúrò ẹ̀ ni mo ti bá a tó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó ti darúgbó jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún púpọ̀ jù ú. Mo kúnlẹ̀. Mo fi èdè tiwọn sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí ìdérí tánkì dé orí ohun tí mo sọ fún àwọn àgbà. Kò dá ẹ̀gúsí dúró. Ìgbà tí mo dákẹ́, Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ó sì já gaara.

Ó ní, “Ìyálé, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. ‘O gbàgbé iyọ̀, o gbàgbé igbá’, ṣebí bí o ṣe máa ń sọ fún mi láràárọ̀ nìyẹn? ‘Gbàgbé’ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nílé yín.”

Mo ní tó bá gbọ́ ọ, kí ló dé tí kò sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.

Ó wò mí. Ó ní, “Ta ni ì bá bá mi túmọ̀ ẹ̀?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, kí n lọ sọ ọ́ fún àwọn tí mo sọ ọ́ fún. Mo ní bàbá rẹ ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, àwọn àgbà ọjọ́ yẹn kò ku ẹnì kan. Ó ní, “Gbogbo wọn kọ́ ló kú.” Ó wá pe ọmọ ilé kan pé kó gbé omi wá fún àlejò. Àlejò ló pè mí. Mo mu omi náà, mo dìde, mo wọ mọ́tò padà.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn láti Ẹ̀pìnmì dé Ọ̀kà. Ìwọ ló ń sọ, Àjíkẹ́. Ẹ̀yin tí mo fún ní ìtàn náà mu pẹ̀lú ọmú. Nítorí náà mo ti sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ náà sọ fún ọkọ rẹ pé ohun tí o sọ fún un kì í ṣe òótọ́, kí o sì sọ ẹni tó ṣe é fún un, má bò mí. Má fi orúkọ obìnrin yẹn ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ìdílé bá pé jọ fún àdúà bàbá rẹ, èmi fúnra mi á dìde sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Tí ẹsẹ̀ mi bá gbọ̀n, wá dúró tì mí. Tí o ò bá lè dúró tì mí, mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí.

Ìyẹn parí. Ó ku omi rẹ.

Ọgbà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe yí i ká. Ọgbà irin, kó ga dé àyà ọkọ rẹ, kí àyè àárín irin rẹ̀ má gba orí ọmọdé, kó má sì ní ibi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ lé gùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ni kó jẹ́ irú èyí tó ń padà tì fúnra ẹ̀, kí ìkọ́ ẹ̀ wà lókè. Ẹ má gbé àga síbẹ̀. Ẹ má fi ohun ìṣeré kankan sílẹ̀ lójú omi. Ojú ẹ̀ ni mo ti rí bọ́ọ̀lù Fàtíà lọ́jọ́ tí mo dé, tó ń lé lọ lé bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kankan kò bá ní lúwẹ̀ẹ́, ẹ ta tapólì tó le bò ó, ẹ fà á kó le bí awọ ìlù, kí omi òjò má dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí tapólì fi ilẹ̀kùn ọgbà sílẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí pé ọmọ ọ̀dọ̀ wà níbẹ̀. Ojú ẹ̀yin fúnra yín ni kó wà lára ọmọ náà.

Ìwọ ni kí o ni omi náà. Mi ò sọ pé kí ọkọ rẹ má sanwó ẹ̀, mi ò sọ pé kí ọkùnrin ọ̀pá gígùn má wá. Mo ní orúkọ kan ṣoṣo ni kí á máa pè tí a bá béèrè pé ta ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Tí o bá sì fẹ́ jáde, má fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ibì kankan fún ẹnikẹ́ni. Fi lé e lọ́wọ́. Wo ojú ẹ̀. Sọ fún un pé omi ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Kó dá ọ lóhùn pé òun gbà á, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ fọwọ́ fa àgádágodo náà wò. Tí ẹ bá ń jà lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ fà á wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò mọ bí ojú rẹ ṣe rí bí o ṣe ń ka èyí. Ó ṣeé ṣe kí o má fẹ́ rí mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí o fẹ́ wá bá mi lónìí olónìí, kí o wá bi mí ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ. Máa bọ̀, ilé ni mo wà. Ṣùgbọ́n tí o bá ń bọ̀ wá bínú sí mi, Àjíkẹ́ mi, má fi Fàtíà sílẹ̀ sínú ilé yẹn. Pọ̀n ọ́n wá. Títí ọgbà irin náà yóò fi dúró, ibikíbi tí o bá ń lọ, pọ̀n ọ́n dání.

Èmi ìyá rẹ,
ní Ọ̀kà.